Ooru Kì í Gbé Ọ̀lẹ Ṣánlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé mo ń darí kám̀pù tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ sójà, ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí. Ṣé a máa ń yìnbọn? Ṣé lórí okùn la ti ń rìn? Ṣé lóòótọ́ ni a máa ń jí wọn lóru? Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn, torí omi, ibòòji àti aago ni mo máa ń bá wọn sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú. Mo ti kọ́ ọmọ kadẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé, mo ti kọ́ ọ̀dọ́ ìjọ, mo ti kọ́ àwọn ọdẹ àti fijilanté tí ìlú kó jọ kí wọ́n lè máa ṣọ́ oko. Okùn a máa ṣe ènìyàn léṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, igi a máa gún wọn lẹ́sẹ̀. Ooru ni mo máa ń ṣọ́ lójoojúmọ́.

Ohun kan sì dá mi lójú: ooru kì í gbé ọ̀lẹ ṣánlẹ̀. Ọ̀lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á ní okùn bàtà òun tú, á ní òun fẹ́ tọ̀, á wá ìdí igi kajú kan, á sì fara pamọ́ síbẹ̀ títí fèrè á fi fọn. Ọmọ tó wù pé kí ọ̀gá rí òun, tó fẹ́ wà níwájú ìlà, tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló fa ẹgbẹ́ òun sẹ́yìn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ooru ń wá kiri. Ẹṣin tó ti ń sáré kò nílò pàṣán. Ìjánu ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí kám̀pù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ dírìlì tí mo mọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Pàṣán ni wọ́n mọ̀.

Kò mọ sí ilẹ̀ olóòru bíi tiwa nìkan. Ní oṣù July 2013, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ń ṣe ìrìn ìdánwò lórí òkè Brecon Beacons ní Wales. Wọ́n fẹ́ wọ SAS, ọ̀kan lára àwọn ikọ̀ ológun tó ṣòro wọ̀ jù lọ láyé. Ooru mú wọn lójú ọ̀nà, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Ẹ wo Wales, ibi tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún máa ń kùn pé òtútù fẹ́ pa àwọn! Kò sí ọ̀lẹ kankan nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Bí ooru bá lè rí irú wọn gbé níbẹ̀, ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń sáré ní Kàbà lẹ́yìn òjò oṣù karùn-ún.

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́ja rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ooru. Ìlú náà wà nísàlẹ̀, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, òkè Pàtí sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ọbájànà tó ń bọ̀ ní Kàbà, afẹ́fẹ́ á tutù díẹ̀, pàápàá lálẹ́. Ìyẹn ló máa ń tan àwọn tó ń wá ṣe kám̀pù lọ́dọ̀ wa jẹ. Wọ́n á ní Kàbà kò gbóná bíi Lọ́kọ́ja. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpáta ló yí wa ká. Láti àárọ̀ ni àwọn òkè wọ̀nyẹn ti ń fa oòrùn mu, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde. Mo ti fọwọ́ kan àpáta lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá pa àgọ́ sí ẹsẹ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò ní sùn dáadáa, ẹni tí kò bá sì sùn dáadáa, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tún burú ju àpáta lọ. Nígbà tí ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, tẹmómítà lè fi 35 hàn lọ́sàn-án, síbẹ̀ aṣọ á gbẹ mọ́ ọ lára kí o tó mọ̀ pé o làágùn. Ní oṣù karùn-ún, ó lè má ju 31 lọ, àmọ́ òógùn á máa ṣàn wọ inú bàtà. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kò tu ara lára rárá. Èyí tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, kò sí ibi tí yóò gba òógùn sí mọ́, ooru tí iṣan ara ń dá sílẹ̀ á sì há mọ́ni nínú. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi bẹ̀rù oòrùn oṣù kìíní tó oòrùn tó yọ ní aago mọ́kànlá lẹ́yìn òjò àárọ̀. Lásìkò bẹ́ẹ̀, èéfín á máa rú láti ilẹ̀ pupa, gbogbo ènìyàn á máa sọ pé òjò ti tu ìlú lára, àwọn olùkọ́ á sì fẹ́ fi àkókò yẹn dí iṣẹ́ tí òjò bà jẹ́. N kì í gbà.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ti fi èyí sí ìṣirò láti bíi àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní Parris Island ní South Carolina, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun Marine tuntun, ooru ń dá àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní WBGT láàárín ọdún 1950 sí 1959. Tẹmómítà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi aṣọ tútù wé ló ní 70 nínú 100. Èyí tó wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí oòrùn ń pa ní 20. Tẹmómítà gbígbẹ lásán, tó ń sọ iye tí a máa ń wò lórí fóònù kí a tó jáde nílé, 10 péré ni tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dé nǹkan bíi 32, àsíá dúdú ni wọ́n máa ń ta, eré ìdárayá tó le sì dúró nìyẹn fún àwọn ọmọ tuntun, bó ti wù kí ọ̀gá máa bínú tó.

A kò ní ẹ̀rọ náà. Tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú méjì ni mo rà, irú èyí tí àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń gbé kọ́ sínú ilé adìyẹ. Mo fi òwú wé ìdí ọ̀kan, mo ki ẹnu òwú náà bọ inú ife omi, mo sì gbé méjèèjì kọ́ sábẹ́ ibòòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Bí àlàfo àárín wọn bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì lè gba òógùn. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ara wọn, tí èyí tó tutù sì ti ń lọ sí 27 tàbí 28, mo máa ń dín eré kù, n óò sọ ìsinmi di púpọ̀, n óò sì ní kí wọ́n bọ́ àpò ẹ̀yìn wọn. Àwọn ọmọ ń pè é ní jùjú ọ̀gá. Kò burú. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ ju fèrè mi lọ.

Sájẹ́ńtì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára wa, ọmọ Yàgbà ni, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa dírìlì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá dé gan-an ni kí a ti fi ojú wọn rí màbo, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ti kúrò nílé ìyá àwọn. A máa ń fà á dáadáa.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìkẹ́ ti bà yín jẹ́," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Nígbà tí àwa dé dípò, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun ní Zaria, a ò tíì gbé ẹrù wa sílẹ̀ tí wọ́n ti ní ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù wo lẹ wọlé?"

"Oṣù kìíní."

"Ọyẹ́ nìyẹn, sà."

Ó wò mí lọ títí. "Ṣé ìwọ rò pé ọyẹ́ Zaria jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹnì kankan ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, èmi náà kò sì jáwọ́ lọ́rọ̀ mi. Ara ènìyàn máa ń kọ́ ooru, àmọ́ kì í kọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló ń gbà kó tó mọ̀ ọ́n tán, púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà sì máa ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ara bá ti mọ̀ ọ́n, òógùn á tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á pọ̀ sí i, iyọ̀ tó ń bá a lọ á dín kù, ọkàn kò sì ní máa lù kìkì bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n inú ooru náà ló ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń le sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì padà sínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlétutù, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á ti lọ.

Ẹ wo àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń wá sí kám̀pù Asaya, nítòsí Kàbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ara wọn á ráyè kọ́ ooru kí wọ́n tó parí. Tiwa ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan ni ìjọ tàbí ilé-ìwé sábà máa ń san owó rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ara wọn bá ti ń múra àtimọ̀ ọ́n báyìí ni bọ́ọ̀sì á ti dé láti kó wọn lọ. Kám̀pù ọlọ́sẹ̀ kan kò ní ọjọ́ tó yẹ ká fi ojú ọmọ rí màbo. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rìn, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tò, bí a ṣe ń yí, bí a ṣe ń kí, kò sì sí àpò lẹ́yìn ẹnì kankan. Ọmọ tó wá láti Jos kò ní ara kan náà pẹ̀lú ọmọ Bùnú tó ti ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè láti kékeré. N kì í tò wọ́n sí ẹgbẹ́ kan náà tí a bá fẹ́ sáré.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo iṣẹ́ kù sọ́wọ́ aago. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni fèrè àkọ́kọ́. Kí aago méje ààbọ̀ tó lù, eré sísá àti òkè gígun ti parí. Láti aago mẹ́wàá sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi máńgòrò là ń wà: kíka máàpù, dídi egbò, okùn sísọ, ọ̀rọ̀ òfin àti bí a ṣe ń fọ nǹkan sórí wáyà-lẹ́ẹ̀sì. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀sán gangan ló burú jù. Oòrùn wà lókè nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago méjì sí mẹ́rin ni ooru máa ń pé, torí ilẹ̀ náà ti gbóná.

Ìjìyà ló wá ń ba ètò aago jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn mí. Ẹ lè ṣe tábìlì iṣẹ́ tó dára bíi kí ni, kí olùkọ́ kan wá ní kí ọmọ tó pẹ́ dé páréèdì ṣe fírọ́ọ̀gì jọ́m̀pù yí pápá ká ní aago kan ọ̀sán. Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ni. Ẹnì kankan kò kà á, ẹnì kankan kò wo tẹmómítà kó tó pàṣẹ rẹ̀. Ta ló sì sábà máa ń jìyà? Ọmọ tí kò sùn, tí ara rẹ̀ kò dá, tí ẹsẹ̀ ti bó, òun náà ni yóò pẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán là ń bù sí i fún. Nínú kám̀pù tí mo bá ń darí, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sí ìjìyà tó ń mú ènìyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á lọ bó iṣu nílé ìdáná, tàbí kó fọ ìkòkò. Kám̀pù Okun kò lè ṣe kó má gún iyán, iṣu tí a ń bó kì í sì í tán. Alẹ́ nìkan la ń jẹ ẹ́ o. Ẹni tó bá fún ọmọ ní iyán lọ́sàn-án kó má retí pé yóò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ omi kò rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo olùdarí ló mọ̀ pé kí a fún wọn lómi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé omi náà lè pọ̀ jù. Ìlànà àwọn ológun Amẹ́ríkà ni pé bó ti wù kí ooru mú tó, kí ènìyàn má mu ju nǹkan bíi lítà 1.4 lọ láàárín wákàtí kan, kí àpapọ̀ ọjọ́ kan má sì ju nǹkan bíi lítà 11 lọ. Omi inú ọ̀rá tiwa sábà máa ń jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, nítorí náà bí ènìyàn bá ti fa méjì mu ní wákàtí kan, ó ti ṣe gudugudu méje. Ẹ̀kẹta kò yẹ kó wọlé tán kí wákàtí náà tó pé.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí a kọ́. Ó gbọ́ran ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé kó máa mumi dáadáa, ó sì ń mu ún láìsinmi, kò fi oúnjẹ tì í torí pé ẹ̀wà kì í bá a lára mu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, inú rẹ̀ wú, ó ń bì, òrùka ọwọ́ rẹ̀ sì ti fún un mọ́ ìka. Ara rẹ̀ kò gbóná. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti já ọ̀rá omi méjì sí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó mu ún. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo bi í bó ṣe ń tọ̀, ó ní ó ti di ìgbà àìmọye láti ọ̀sán, ó sì mọ́ bí omi òjò. A gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé iyọ̀ ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ká ní wọ́n rọ ọ̀rá méjì yẹn sí i lẹ́nu ni, gìrì lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú un.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wo ìtọ̀ wọn. Tó bá pọ́n bíi tíì, omi kò tó. Tó bá rí bí omi lásán láti àárọ̀ dalẹ́, ó ti pọ̀ jù. Oúnjẹ ni iyọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá jẹun àárọ̀ kò ní bá wa sáré. Fún ẹni tó bá ti làágùn púpọ̀ tàbí tó ń ṣu gbuuru, a máa ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ̀: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a fá lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n. Nídìí àwọn ọdẹ, paraga ló ń bá mi jà. Bàbá kan tó ti dẹ igbó láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ní gbà lọ́wọ́ mi pé ife kan láàárọ̀ ń gbẹ omi ara. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kó gbogbo ìgò wọn sọ́dọ̀ mi títí di alẹ́, n óò sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ti aṣọ kò gùn. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀, fìlà elétí dípò bẹ́rẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì kí wọ́n lè pààrọ̀ lọ́sàn-án. Aṣọ kámọ́ tí gbogbo ọmọ ń bẹ̀ mí fún, òfin Nàìjíríà kò gbà á fún ará ìlú, ó sì nípọn jù fún oṣù karùn-ún. Ẹni tí ooru bá ti sú sí lẹ́yìn rẹpẹtẹ, mo máa ń rọra mú un, torí pé ibi tí ooru bá ti sú sí kò lè làágùn dáadáa.

Kí wọ́n tó gbé àpò wọlé, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá, lóun nìkan. Ṣé ibà ti ṣe ọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Oògùn wo lò ń lò? Kí ni jẹ̀nótáìpù rẹ? Bí mo bá bi wọ́n níwájú ẹgbẹ́ wọn, gbogbo wọn á ní kò sí nǹkan. Ara tó ti ń bá ibà jà ti gbóná kí oòrùn tó yọ, ẹni náà á jókòó. Ní ti AS, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti sọ fún pé kò sí ohun tó lè ṣe wọ́n. Lójoojúmọ́ ayé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sá eré àsápajúdé láìsinmi nínú ooru, iṣan ara wọn lè bà jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀mí lọ. N kì í lé wọn padà sílé. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí itan tàbí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lọ́nà tí kò yé wọn, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ọjọ́ kan á dé. Ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìyàrà la wà, ẹsẹ̀ eré ti fẹ́ parí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ọmọkùnrin tó wà níwájú ló yára jù nínú wọn. Ó dé oríta tí ó ti gbà lójoojúmọ́, ó sì kọjá rẹ̀. Wọ́n pè é, ó dúró, ó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ burúkú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn."

Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Igbó lásán ni.

Ọ̀pọ̀ ń dúró de ìgbà tí ọmọ á ṣubú. Ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ yí. Ìwé kan tí wọ́n máa ń pín káàkiri ní kí a fọwọ́ kàn án wò bóyá ara rẹ̀ gbẹ. Ara ọmọ yìí kò gbẹ rárá, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń fi agbára ṣiṣẹ́ ṣì lè máa làágùn nígbà tí inú rẹ̀ ti kọjá 40, tẹmómítà abíyá kò sì ní sọ òótọ́ fún yín. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ wò.

A tẹ́ tapólì sábẹ́ igi, a bọ́ aṣọ rẹ̀, àwọn mẹ́fà di etí tapólì náà mú kó rí bí ọkọ̀ ojú omi, a sì da kẹ́ẹ̀gì omi tó wà nínú ọkọ̀ lé e lórí. Ìyá kan tó ń ta sóbò létí ọ̀nà rí wa, kò béèrè owó, ó kàn da gbogbo omi dídì inú kúlà rẹ̀ sí i ni. A ń rú omi náà, a ń fẹ́ ẹ. Ọmọ náà ń jà. Dírébà ti tan ọkọ̀, ó ń fọn fèrè, ó ní kí a jẹ́ ká máa lọ. Mo ní kó pa á. Tútù ni a kọ́kọ́ ń tu ènìyàn, kí a tó gbé e lọ. Ẹ̀mí ẹni tí ooru bá mú bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì fi gbogbo rẹ̀ jókòó nínú ọkọ̀ tó gbóná ní ọ̀nà tó bàjẹ́, dókítà kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ohun ṣe. Ẹnì kan ní kí a fún un ní omi àlùbọ́sà. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò gbọ́dọ̀ gba ohunkóhun lẹ́nu. Pásítọ̀ tó bá wa wá fẹ́ kí a dákẹ́ kí òun gbàdúrà. Mo fún un ní kẹ́ẹ̀gì kan, mo ní, "Ẹ máa gbà á lọ, sà, kí ẹ sì máa da omi." Ó sì ṣe méjèèjì.

Nígbà tó yá, ọmọ náà la ojú, ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Ta ló bọ́ ṣòkòtò mi?" Ìgbà náà la tó gbé e lọ. Pé ó ti ń sọ̀rọ̀ kò tó, torí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lè ti gbọgbẹ́ kí ó tó fara hàn lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Wọ́n dá a dúró, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Ó ti gbádùn báyìí. Ẹ jẹ́ kó padà wá parí rẹ̀, kí ojú má baà tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó di ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i."

Inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Ọmọ rẹ̀ gan-an kò bínú tó o.

Ìjọ kan ní Mọ̀pà ti ní kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n fẹ́. Mo ní kí wọ́n sún un sí oṣù kọkànlá, wọ́n ní ìsinmi Àjíǹde nìkan ni gbogbo ọmọ máa ń wà nílé. Mo ti fi ohun tí mo fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn: dùrọ́ọ̀mù omi mẹ́rin, tapólì méjì, omi dídì láràárọ̀, ọkọ̀ kan tí kò ní kúrò ní pápá, àti gbọ̀ngàn tí wíńdò rẹ̀ ṣeé ṣí tọ̀tún tòsì kí àwọn ọmọ lè sùn lóru. Wọ́n ti gbà lórí omi àti tapólì. Lórí ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbé e yẹ̀ wò, torí owó bẹ́rẹ́ẹ̀tì ti wọ́n jù.